Kí Ìwé Ẹgbẹ́ Wa Má Dúró Lórí Ẹsẹ̀ Kan

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ inú ilé iṣẹ́, ẹ̀yin awakọ̀ àti kọndọ́ tí ẹ ń jí lọ sí gáréèjì kí àkùkọ tó kọ, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti owó oṣù, kì í sì í ṣe ti ọ̀gá tó bú òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ́fíìsì ẹ̀ka wa ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ìwé yìí sí ojú ewé mìíràn. Inú àpótí kékeré yẹn ni orúkọ olúkúlùkù wa wà, pẹ̀lú owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù wa, owó àjẹṣẹ́kù tí a ń dá, orúkọ ẹni tó yá owó àti iye tó ti san padà, àti ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọṣẹ́. Bí àpótí náà bá dákẹ́ lọ́la, kí ni a ó fi hàn pé a ti dáwó?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ìpàdé ẹ̀ka wa tó kọjá, ìgbìmọ̀ aláṣẹ dá a lábàá pé kí a ra díìsìkì kejì fún kọ̀ǹpútà náà, kí àwọn méjèèjì máa gbé ìwé kan náà pa pọ̀. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní owó ẹgbẹ́ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ilé iṣẹ́ ṣáà ní ìwé wa lọ́wọ́. Ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún wa sì ní bí a bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, òun á nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ dànù, òun á sì tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ṣú kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú. Láti ìgbà náà a ti rò ó, a sì ti bi àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀. Èrò wa ni pé kí a ra díìsìkì náà, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má nu ohunkóhun dànù.

Díìsìkì ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sí, tí kì í fi í parẹ́ bí iná bá lọ. Orí rẹ̀ ni ìwé wa wà. Orí rẹ̀ náà ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà wà, èyí tí wọ́n ń pè ní operating system, tí ẹ̀rọ náà fi ń mọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí a bá tàn án. Irú èyí tó wà nínú tiwa jẹ́ àwo pẹlẹbẹ tó ń yí nígbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, tí orí kékeré kan sì ń lọ tó ń bọ̀ lókè rẹ̀ láì fara kàn án. Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró ti ẹ̀rọ nínú ilé iṣẹ́, ẹ mọ̀ pé ohun tó bá ń yí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní lè yí mọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé díìsìkì àkọ́kọ́ jáde ní 1956, àwo 50 ló ní, ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, síbẹ̀ nǹkan bíi lẹ́tà mílíọ̀nù 5 péré ló lè gbà. Lónìí díìsìkì kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì ń gba ohun tó pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ikú kò tíì fi í sílẹ̀, kì í sì í ránṣẹ́ kó tó dé.

Ẹ̀yin awakọ̀ mọ oògùn rẹ̀ ju wa lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kì í fi táyà kan ṣoṣo gbé ẹrù lẹ́yìn. Méjì-méjì ni wọ́n máa ń so pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá bẹ́ lójú ọ̀nà, èkejì á gbé ẹrù náà dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni díìsìkì ìbejì. Gbogbo ohun tí akọ̀wé bá kọ, orí méjèèjì ló ń lọ lẹ́sẹ̀ kan náà. Bí ọ̀kan bá kú, iṣẹ́ kò ní dúró. A ó ra òmíràn, a ó fi í sí ipò èyí tó kú, èyí tó yè á sì kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀.

Kì í ṣe àṣà tuntun. Ní 1976 ni ilé iṣẹ́ Tandem ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ fún àwọn báńkì àti àwọn mìíràn tí kò lè jẹ́ kí iṣẹ́ wọn dúró. Ní 1988, àwọn mẹ́ta kan ní yunifásítì California ní Berkeley, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, kọ ìwé kan tí wọ́n fi sọ pé díìsìkì kéékèèké olówó pọ́ọ́kú tí a so pọ̀ lè ṣe ju díìsìkì ńlá kan olówó gọbọi lọ. Èyí tí a lè pè ní ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gan-an nìyẹn: ọwọ̀ kan kò lè gbálẹ̀, àfi kí a so ó pọ̀. RAID ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn Redundant Arrays of Inexpensive Disks. Ẹ wo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Redundancy ni òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní abala 20, ń pè é nígbà tí òṣìṣẹ́ bá pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ títí láé nítorí pé wọ́n ní òṣìṣẹ́ ti pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni o. Agbanisíṣẹ́ wo ẹnì kejì tó dúró ti ẹ̀rọ, ó ní àlékún tí kò wúlò ni. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà wo díìsìkì kejì, wọ́n ní àlékún yìí ni kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ bàjẹ́. Àwa mọ èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a dá àwọn tó takò ó lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé ilé iṣẹ́ ní ìwé wa lọ́wọ́, a kò jiyàn pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ẹlẹ́rìí ọ̀gá ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wa tí wọn kò fi ránṣẹ́, tàbí ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kan bá fẹ̀yìn tì tí wọ́n ní kò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó bí ó ti sọ, ṣé ìwé ẹni tí a ń bá ṣe ẹjọ́ ni a ó lọ tọrọ kí a fi jà? Ẹ̀yin tí ẹ sì ní kọ̀ǹpútà náà ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ dá yín lóhùn. Bíréèkì a máa ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọjọ́ tí kò bá mú mọ́. Ní ti owó, owó díìsìkì kan kò tó owó tí a ó ná láti máa wá òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kiri pẹ̀lú ìwé owó oṣù rẹ̀, kí a lè tún ìwé àjẹṣẹ́kù kọ láti orí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin wa tó fẹ́ nu gbogbo rẹ̀ dànù. A kò bá a jà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rọrùn fún un. Ṣùgbọ́n ètò tí a fi ń ṣírò owó ẹgbẹ́ ti wà níbẹ̀ láti ayé akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, ẹnikẹ́ni kò sì rántí gbogbo bí ó ṣe tò ó mọ́. Bí a bá nù ún, kì í ṣe ọjọ́ kan ni a ó fi wá a padà. Ọ̀nà kan wà tí a lè fi kó ètò tó wà níbẹ̀ bó ṣe rí gan-an bọ́ sórí ìbejì, láì nu nǹkan kan ṣáájú àsìkò. A fẹ́ kí ẹ mọ ọ̀nà náà, kí ẹnikẹ́ni má fi èdè kọ̀ǹpútà dẹ́rù bà yín.

Ẹ rántí ìbejì nílẹ̀ wa. Táíwò ló kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Kẹ́hìndé ló rán Táíwò níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò, bí ó bá dára kó ké, kí òun náà lè wá. Díìsìkì tuntun ni Táíwò wa. Díìsìkì àtijọ́ tó ní gbogbo ọgbọ́n lórí ni Kẹ́hìndé. Tuntun ni yóò kọ́kọ́ lọ. Àgbà yóò dúró síbi tó wà títí a ó fi gbọ́ pé ayé dára.

Èkínní, kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí a ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé wa sórí díìsìkì mìíràn tó wà lóde àpótí náà. Kí a sì ṣí ẹ̀dà yẹn lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a fi ojú wa rí orúkọ wa níbẹ̀. Ẹ̀dà tí a kò ṣí wò, ìrètí lásán ni.

Èkejì, kí a yẹ ara Kẹ́hìndé wò. Irinṣẹ́ wà tó ń sọ iye wákàtí tí díìsìkì ti ṣiṣẹ́ àti bóyá ibì kan ti ń bàjẹ́ lára rẹ̀. Bí ó bá ti ń ṣàìsàn, kí a má fi í ṣe ìbejì mọ́, kí a ra méjì. Bí ara rẹ̀ bá le, kí a ra ọ̀kan tí kò kéré jù ú lọ. Ó sì dára bí wọn kò bá jẹ́ èyí tí ilé iṣẹ́ kan ṣe lọ́jọ́ kan náà, nítorí àléébù kan náà lè pa méjèèjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀kẹta, kí a bí Táíwò. Linux ni kọ̀ǹpútà wa ń lò, a kì í sì í sanwó rẹ̀. Irinṣẹ́ tó wà fún iṣẹ́ yìí lórí rẹ̀ ni mdadm, ọ̀fẹ́ ni òun náà. A ó sọ fún un pé ìbejì ni a fẹ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan ló tíì dé. Ní ipò ẹnì kejì, a ó kọ missing, ìyẹn ni pé kò sí nílé. Kò ní bínú. Yóò dá ìbejì sílẹ̀ pẹ̀lú Táíwò nìkan, yóò sì fi àyè Kẹ́hìndé sílẹ̀ dè é.

Ẹ̀kẹrin, kí a kó ẹrù. A ó fi díìsìkì kékeré tí wọ́n ń kì bọ USB tan kọ̀ǹpútà, kí ẹnikẹ́ni má máa kọ nǹkan sórí Kẹ́hìndé nígbà tí a ń kó ẹrù rẹ̀. Bí ẹrù bá dé ọ̀dọ̀ Táíwò, a ó fún ètò náà ní àdírẹ́sì ilé tuntun. Fáìlì kan wà tó ń jẹ́ fstab tí àdírẹ́sì yìí wà nínú rẹ̀. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, ilé àtijọ́ ni yóò padà sí. Lẹ́yìn náà, a ó tún ẹrù kékeré tí ètò fi ń jí ní àárọ̀ dì, kí irinṣẹ́ ìbejì lè wà nínú rẹ̀. Ìgbà náà ni a ó fi GRUB, tó ń kọ́kọ́ jí ètò náà, sórí Táíwò. Orí méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Orí ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi í sí. Ọjọ́ tí ọ̀kan yẹn bá kú, ìwé wà láàyè, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní tàn.

Ẹ̀karùn-ún, kí a yọ okùn Kẹ́hìndé, kí a sì tan Táíwò nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ òru mọ̀ pé ẹ kì í fi ẹ̀rọ sílẹ̀ títí ẹni tó ń bọ̀ láàárọ̀ yóò fi dé, tí yóò sì fọwọ́ kan án níṣojú yín. Kí Táíwò ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí akọ̀wé kọ owó wọlé, kí akápò tẹ ìwé jáde. Bí nǹkan bá kọ̀, Kẹ́hìndé wà níbẹ̀ láì farapa, a ó sì padà sí i.

Ẹ̀kẹfà, bí Táíwò bá ké pé ayé dára, kí Kẹ́hìndé wá. A ó pín in bí a ti pín Táíwò, a ó sì fi í sí àyè tó ti ń dè é. Ẹ ṣọ́ra gidigidi níbí, nítorí ohun tó wà lórí ẹni tó ń wọlé ni yóò parẹ́. Bí a bá ṣì wọ́n mú, a ti fi ọwọ́ ara wa pa ìwé wa rẹ́. Orúkọ tí kọ̀ǹpútà ń fún wọn, sda àti sdb, lè yí padà láàárín òru. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára díìsìkì kọ̀ọ̀kan ni kí a wò, kí ẹni méjì kà á sókè kí a tó tẹ bọ́tìnì. Nígbà tí Kẹ́hìndé bá ń kẹ́kọ̀ọ́, fáìlì kan tó ń jẹ́ /proc/mdstat yóò fi [U_] hàn, ìyẹn ni pé ẹnì kan ló tíì péye. Bí díìsìkì bá jẹ́ terabyte 1, tó sì ń kọ megabyte 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò gbà tó wákàtí 3. Kí epo wà nínú jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ti di [UU], ìbejì ti pé.

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀. Kí a pa kọ̀ǹpútà náà, kí a yọ ọ̀kan, kí a tàn án wò. Kí a dá a padà, kí [UU] tún pé, lẹ́yìn náà kí a yọ èkejì. Kí a sì tò ó kí ó máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí akọ̀wé bí ọ̀kan bá ṣubú. Ìbejì tí ọ̀kan ti kú nínú wọn láti oṣù mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni a tún dúró lé.

Ohun kan wà tí a ní láti sọ kí ọkàn wa má bàa balẹ̀ jù. Ìbejì kì í ṣe sípíà. Táyà méjì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ lè bọ́ sórí ìṣó kan náà, ìdí nìyẹn tí sípíà fi wà. Bí akọ̀wé bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́ lórí Táíwò, lójú kan náà ni Kẹ́hìndé pa tirẹ̀ rẹ́. Bí iná bá dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, tàbí tí olè gbé àpótí lọ, méjèèjì ló lọ. Àwọn tó lówó jù wá lọ ti rí i. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kínní 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú iṣẹ́ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣèèṣì pa ìwé ńlá wọn rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe èyí tó ní lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n wá ẹ̀dà, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ni kò ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n ti kọ fún bí wákàtí 6 sọnù. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 2021, iná jó ilé kan tí OVHcloud kó kọ̀ǹpútà sí ní Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, ó jó o tán. Ẹni tó ní ẹ̀dà níbòmíràn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà. Ẹni tí ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú ilé kan náà káwọ́ lérí.

Nítorí náà, àbá mẹ́ta ni a gbé ka iwájú ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. Àkọ́kọ́, kí ẹ̀ka ra díìsìkì kejì nínú oṣù yìí. Èkejì, kí iṣẹ́ náà lọ ní ìpele mẹ́fà tí a kà sílẹ̀ yìí, kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì sì dúró ti ẹni tó ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀kan láti ilé iṣẹ́, ọ̀kan láti gáréèjì. Kì í ṣe pé a fura sí i. Ìwé gbogbo wa ni, ojú gbogbo wa ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí akápò máa ṣe ẹ̀dà ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, kí a tì í pa pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àṣírí nítorí orúkọ yín wà nínú rẹ̀, kí a sì máa tọ́jú rẹ̀ síbi tí kì í ṣe ọ́fíìsì. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí a máa ṣí i wò níṣojú àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Ẹ̀yin ará, òṣìṣẹ́ tó ti fún iṣẹ́ ní ọgbọ̀n ọdún kò yẹ kó máa bẹ ẹnikẹ́ni kí wọ́n gbà pé ó ti wà láyé rí. Ìwé ló ń jẹ́rìí fún wa lọ́jọ́ tí ẹnu wa kò bá tó mọ́. Ẹ wá sí ìpàdé, kí ẹ wá dìbò. Ẹni tó bá sì ní èrò mìíràn, kó wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa, a ó gbọ́.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.